Silbermann, páìpù ẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó wà láàárín òun àti Bach

Àbúrò kan tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló kọ̀wé sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń ka nǹkan nípa dùùrù onípáìpù ní Jámánì ni mo máa ń bá orúkọ Silbermann pàdé. Kí ló ṣe gan-an tórúkọ ẹ̀ ò fi parẹ́? Ṣé àṣírí kan wà nínú irin tó fi ń ṣe páìpù ẹ̀ ni? Wọ́n tún ní òun àti Bach, ọ̀gá olórin Jámánì yẹn, jà, ṣé òótọ́ ni?"

Àbúrò mi, ìbéèrè ẹ dùn mọ́ mi gan-an, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn, ó ti pẹ́ tí mo ti ń tú píánò àti dùùrù palẹ̀ tí mo sì ń tún wọn tò, kò sì síbi tí mo dé tí wọn ò ní bi mí nípa àṣírí àwọn ará ìgbàanì. Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti àṣírí yẹn ná. Kò sí àṣírí kankan. Orúkọ ọkùnrin yìí ló kó bá a, torí Silber lédè Jámánì, fàdákà ni, Mann ni ọkùnrin, Freiberg tó ń gbé sì tún jẹ́ ìlú tí wọ́n ti ń wa fàdákà látọdún gbọ́nhan, ni àwọn èèyàn bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n ní á jẹ́ pé fàdákà ló ń yọ́ sínú páìpù ni ohùn ẹ̀ fi ń dán báyẹn. Irọ́ ni o. Tánganran àti òjé ni, bíi ti gbogbo ẹni tó ń ṣe dùùrù láyé ìgbà yẹn. Àwọn páìpù tó wà níwájú, àwọn tí ojú ń rí, tánganran ló pọ̀ jù nínú wọn kí wọ́n lè le kí wọ́n sì máa dán, àwọn tó ń dún jẹ́jẹ́ bíi fèrè nínú lọ́hùn-ún, òjé máa ń pọ̀ díẹ̀ sí i nínú tiwọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé e fún ẹ pé fàdákà ni, kò tíì di páìpù kan mú rí láyé ẹ̀.

Ṣùgbọ́n má pa Silbermann méjì pọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Andreas, wọ́n bí i ní 1678, ó sì lọ fìdí kalẹ̀ sí Strasbourg. Àbúrò ni Gottfried, òun lo ń béèrè. Wọ́n bí Gottfried ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 1683 ní Kleinbobritzsch, abúlé kékeré kan lẹ́bàá Frauenstein, ní àgbègbè Saxony, lórí àwọn òkè tó kún fún irin. Kápẹ́ńtà ni bàbá wọn. Ìtàn pọ̀ nípa ìpáǹle ìgbà kékeré Gottfried, mi ò ní dá ẹ dúró síbẹ̀. Nígbà tó ń sún mọ́ ọmọ 20 ọdún ló lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Strasbourg tó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ibi tó ti kọ́ṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe lè rí létí lọ, torí Strasbourg ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé nígbà yẹn, bí àwọn Faransé ṣe ń ṣe dùùrù sì yàtọ̀ sí ti Jámánì pátápátá. Àwọn Faransé fẹ́ràn sítọ́ọ̀pù (ìyẹn ọ̀wọ́ páìpù tó ní irú ohùn kan náà) tó ń han bíi kàkàkí, tó ń yọ sókè láàárín àwọn yòókù, wọ́n tún ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Cornet tó jẹ́ pé tó o bá tẹ kíì kan ṣoṣo, páìpù márùn-ún ló máa jọ dún pọ̀ bí ohùn kan. Ti àwọn Jámánì ní tiwọn, ohùn tó rinlẹ̀ tó wúwo ni, torí kí gbogbo ìjọ lè gbé orin lé e lórí. Gottfried kó méjèèjì pọ̀. Tó o bá gbọ́ dùùrù ẹ̀ tó o sì ń rò ó pé kí ló ń dán nínú ohùn tó wúwo báyìí, idán ibẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe fàdákà.

Ó padà sílé ní 1710. Dùùrù tó kọ́kọ́ ṣe fún ìlú ẹ̀, Frauenstein, kò gba owó iṣẹ́ lórí ẹ̀, owó ohun èlò nìkan ló gbà lọ́wọ́ wọn. Ìwọ náà mọ ohun tíyẹn jẹ́, bí ọ̀dọ́ ṣe ń wá kọ́sítọ́mà nìyẹn. Ẹ̀tàn ọ̀hún jẹ́, torí lóṣù kẹwàá ọdún 1710 yẹn náà ló fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì láti ṣe dùùrù ńlá fún Kàtídírà Freiberg. Ọmọ ọdún 27 ni o! Kuhnau, tó jẹ́ ọ̀gá orin ní Leipzig kí Bach tó dé ibẹ̀, ló bá a sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1714, Kuhnau yìí náà wà lára àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Sítọ́ọ̀pù 44, kíbọ́ọ̀dù mẹ́ta tó gun ara wọn lórí, pẹ̀lú ti ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, páìpù tó lé ní 2,600. Sítọ́ọ̀pù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Untersatz, ó ń dún nísàlẹ̀ débi pé àyà ẹ ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí ẹ tó gbọ́. Dùùrù yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní, wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Sunday.

Ó yá, jẹ́ n ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ torí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè ẹ wà. Dùùrù onípáìpù, ẹwìrì alágbẹ̀dẹ àti fèrè ni, kò ju méjì yìí lọ, wọ́n kàn sọ ọ́ di ńlá ni. Ẹnì kan á wà lẹ́yìn tó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹwìrì, afẹ́fẹ́ á kún inú àpótí pákó kan, páìpù á dúró lé àpótí yẹn lórí, ìlẹ̀kùn kékeré á wà lábẹ́ ìdí wọn. Tó o bá tẹ kíì, á fa igi tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan, igi yẹn á fa ìlẹ̀kùn ọ̀hún, afẹ́fẹ́ á wọlé, páìpù á pariwo. Láyé ìgbà yẹn kò sí iná, gbogbo ẹ̀ igi àti wáyà àti awọ àgùntàn ni. Nítorí náà bí igi yẹn bá gùn jù tàbí tó bá yà ju bó ṣe yẹ lọ, kíì á le, ìka á máa ro atẹdùùrù. Ti Silbermann, ńṣe ló máa ń to inú ẹ̀ kó mọ́lẹ̀ kó sì rọrùn, èèyàn lè fọwọ́ dé ibi tó bá bàjẹ́ láìtú gbogbo ilé. Àwa tá à ń tún nǹkan ṣe la mọ bí èyí ṣe ṣe pàtàkì tó. Mo ti rí dùùrù kan rí (kì í ṣe tiẹ̀ o, mi ò sì ní dárúkọ ibi tó wà) tó jẹ́ pé kí n tó lè tún ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ṣe, páìpù bíi 60 ni mo kọ́kọ́ yọ síta, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń bú ẹni tó ṣe é nínú ọkàn mi.

Páìpù fúnra ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á yọ́ irin yẹn, wọ́n á dà á pẹlẹbẹ sórí tábìlì gígùn kó lè tẹ́ bí aṣọ, wọ́n á fá a títí á fi rí bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n á ká a mọ́ igi róbótó, wọ́n á jó o pọ̀ lẹ́yìn, wọ́n á wá la ẹnu fún un. Ẹnu yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ní ètè òkè, ó ní ètè ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba àlàfo tín-ín-rín kan kọjá láàárín wọn. Bó o bá gé ètè òkè ga díẹ̀ jù, ohùn á di hòò bí ẹni tó ń fẹ́ ẹnu ìgò. Bó bá sì lọ sílẹ̀ jù, á máa han gooro. Gbogbo ẹ̀ kò ju ìfá ọ̀bẹ kan lọ. Tó o bá gé e kọjá ààyè, kò ṣe é lẹ̀ padà mọ́, páìpù tuntun ni. Wá rò ó wò pé páìpù 2,600 ni wọ́n ṣe báyìí lọ́kọ̀ọ̀kan, pé wọ́n fẹnu fẹ́ ẹ, wọ́n tẹ́tí, wọ́n tún gé e díẹ̀, wọ́n tún fẹ́ ẹ, kí gbogbo wọn wá lè jọ bí ọmọ ìyá kan náà látorí èyí tó kéré bí ìka títí dé èyí tó ga ju ilé lọ. Ó máa ń wù mí kí n ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan péré.

Èyí tó máa yà ẹ́ lẹ́nu ni pé ọkùnrin yìí kì í fẹ́ dán nǹkan tuntun wò nínú dùùrù rárá. Ó ṣe bíi 50 láyé ẹ̀, nǹkan bí 30 ló sì ṣẹ́kù, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lábúlé ló jẹ́ pé sítọ́ọ̀pù bíi 20 ni, kíbọ́ọ̀dù méjì, o lè gbé ìwé sítọ́ọ̀pù ti abúlé kan lé ti abúlé kejì lórí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara mu. Agricola tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ Bach rojọ́ nípa èyí nínú àwọn àkíyèsí tó kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1768, lẹ́yìn tí Silbermann ti kú. Ó ní gbogbo dùùrù ẹ̀ ló jọra jù, pé ìṣọ́ra ló pọ̀ jù fún un, kì í fẹ́ fi sítọ́ọ̀pù kankan síbẹ̀ tí kò bá dá a lójú pé kò ní já a kulẹ̀, pé àwọn sítọ́ọ̀pù tó ń mú ohùn gbóná náà ò mú tó fún ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ló ti gbà pé iṣẹ́ ẹ̀ mọ́, ó lálòpẹ́, inú ẹ̀ rọrùn, ohùn ẹ̀ kún, kíì ẹ̀ sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Èmi ò bá Agricola jiyàn, òótọ́ ló sọ. Ohun tí mo kàn fẹ́ kó o rí ni pé ẹ̀sùn àti oríyìn yẹn, nǹkan kan náà ni. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan kan ṣoṣo fún 40 ọdún tí kì í ṣe yàlàyòlò, tó ń wá igi tó gbẹ dáadáa àti irin tó dára jù, kò sí bí nǹkan ọ̀hún ò ṣe ní mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn tó ń béèrè àṣírí, wọn kì í fẹ́ gbọ́ èyí.

Ká wá sórí Bach. Ìjà kọ́ ni, àbí kí n sọ pé ìjà ni ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bẹ̀rẹ̀. Lórí píánò ni. Cristofori ní Florence nílẹ̀ Ítálì ló ṣe píánò àkọ́kọ́, ní nǹkan bí 1700, ní 1725 wọ́n túmọ̀ ìwé tó ṣàlàyé ẹ̀ sí èdè Jámánì, Silbermann sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú tiẹ̀. Nígbà tó ṣe méjì tán, Bach tẹ ọ̀kan wò. Agricola yìí náà ló sọ bó ṣe lọ: Bach yin ohùn ẹ̀, ó tún ní ìdùn ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ní òkè lọ́hùn-ún kò lágbára, kíì ẹ̀ sì le jù láti tẹ̀. Inú bí Silbermann! Kò ṣe é ṣe fún un kí ẹnikẹ́ni wá àléébù sí iṣẹ́ ẹ̀, ó di Bach sínú fún ìgbà pípẹ́. Àmọ́ ibi tí mo ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí nìyí, bó ṣe ń bínú yẹn náà ló ń ro ó pé ọ̀rọ̀ tí Bach sọ kì í ṣe irọ́, ló bá dáwọ́ títà dúró, ó padà sí wọ́kúṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tún un ṣe. Nígbà tó yá, ọba Prussia, Frederick, ra mélòó kan lọ́wọ́ ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1747 tí Bach lọ kí ọba yẹn ní Potsdam, àwọn píánò Silbermann ló bá níbẹ̀ tó sì tẹ̀. Bach wá fọwọ́ sí èyí tó tún ṣe yìí. Èyí tó tiẹ̀ wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ní 1749, ìwé rìsíìtì kan ṣì wà tí Bach fọwọ́ sí fún píánò tí wọ́n tà fún ìjòyè kan ní Poland. Bach ti di alágbàtà ọjà tó ti bú rí!

Ibi tí wọn ò ti wá fohùn ṣọ̀kan rí títí dé ikú ni títúùnù dùùrù, èyí sì máa kàn ẹ́ gan-an torí atẹdùùrù ni ẹ́. Àwa tí orin ṣọ́ọ̀ṣì dé ọ̀dọ̀ wa nípasẹ̀ àwọn atẹdùùrù bí Ekundayo Phillips ní Cathedral Church of Christ ní Marina, àti Fela Sowande tó ti ìbẹ̀ gbéra lọ sí London, dùùrù tá a bá láyé, bákan náà ni gbogbo kíì ẹ̀ (ìyẹn ohùn tá a gbé orin lé, kì í ṣe èyí tí ìka ń tẹ̀) ṣe ń dún, o lè gbé orin láti C lọ sí A fláàtì láìbẹ̀rù. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ìṣirò ohùn ní ìṣòro kan látilẹ̀wá: tó o bá to ohùn méjìlá yẹn tẹ̀ léra kí gbogbo ẹ̀ dún mọ́ra dáadáa, nígbà tó o bá máa fi padà síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀, kò ní bọ́ síbẹ̀ gẹ́gẹ́, èlé díẹ̀ á wà. Èlé yẹn kò ṣe é dà nù. Lóde òní, a máa ń pín in kárí, kí oníkálukú ru díẹ̀díẹ̀. Silbermann kì í pín in kárí. Ó fẹ́ kí àwọn kíì táwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń kọrin nínú wọn jù, C, G, D, F, kí wọ́n dùn kọjá bẹ́ẹ̀, ló bá ń jẹ́ kí gbogbo ìdàrú ibẹ̀ kó jọ sí ojú kan ṣoṣo, láàárín G sháàpù àti E fláàtì. Ohùn méjì yẹn tó o bá tẹ̀ wọ́n pọ̀, ńṣe ni wọ́n á máa gbọ̀n tí wọ́n á máa hu. Àwọn Jámánì ní orúkọ fún un, wọ́n ń pè é ní ìkookò. Mo ti fi ọwọ́ ara mi túùnù píánò kan báyẹn rí kí n kàn lè gbọ́ ọ, nígbà tí mo tẹ C dúró mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, bí oyin ni, nígbà tí mo dé A fláàtì, ajá ilé kejì dìde.

Bach ní tiẹ̀ fẹ́ máa rìn káàkiri gbogbo kíì bó ṣe wù ú. Ìtàn kan wà táwọn èèyàn máa ń pa, pé ńṣe ló máa ń mọ̀ọ́mọ̀ lọ sí A fláàtì tó bá ti rí Silbermann nítòsí, kí ìkookò lè hu, kí ọ̀gá dùùrù lè bínú jáde. Ìtàn ni o, àmọ́ ó jọ wọ́n. Sorge, atẹdùùrù ní Lobenstein, kọ ọ́ gbangba ní 1748 pé túùnù Silbermann kò lè bá orin ìgbà yẹn lọ mọ́, ó sì dárúkọ Bach láàárín àwọn tó lè jẹ́rìí sí i. Silbermann kò yí padà. Èyí tó gbọ́ ti píánò, tó tún un ṣe, òun náà ló di etí sí ti túùnù. Torí kí ló fi rí bẹ́ẹ̀? Èrò tèmi ni pé píánò jẹ́ nǹkan tuntun sí i, kò tíì dá a lójú, ṣùgbọ́n dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti gbà pé kò sẹ́ni tó máa kọ́ òun.

Má rò pé ọ̀tá ni wọ́n ṣá. Ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1736, Bach fúnra ẹ̀ ló wá tẹ dùùrù tuntun tí Silbermann ṣe sí ṣọ́ọ̀ṣì Frauenkirche ní Dresden, sítọ́ọ̀pù 43. Ní oṣù kẹsàn-án 1746, àwọn méjèèjì jọ lọ yẹ dùùrù kan wò ní Naumburg. Ta ló wá ṣe ti Naumburg yẹn? Zacharias Hildebrandt, ọmọ iṣẹ́ Silbermann tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ gùn: nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, Silbermann mú un fọwọ́ síwèé pé kò ní bá òun du iṣẹ́ ní Saxony, nígbà tí Hildebrandt wá ń gba iṣẹ́ tiẹ̀, ó di ẹjọ́. Èèyàn líle ni ọ̀gá yìí tó bá kan ọ̀rọ̀ ọjà. Láti 1723 ló ti gba ìwé oyè lọ́wọ́ Augustus tó jẹ́ ọba Poland àti olórí Saxony pé òun ni ẹni tó ń ṣe dùùrù fún ààfin, kò sì kóyán ẹ̀ kéré. Síbẹ̀ nígbà tó darúgbó, Hildebrandt yìí ló tún wá bá a ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn ni ti ṣọ́ọ̀ṣì ààfin ní Dresden, àwọn Kátólíìkì ló ni ín, sítọ́ọ̀pù 47. Kò parí ẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ló wà ní Dresden tó fi kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1753, ẹni 70 ọdún, kò fẹ́yàwó, kò bímọ. Hildebrandt ló bá a parí iṣẹ́, wọ́n ṣí i ní 1755.

Dresden lo mọ̀ pé wọ́n ju bọ́ǹbù bò mọ́lẹ̀ lóṣù kejì ọdún 1945. Dùùrù Frauenkirche jóná, ti ṣọ́ọ̀ṣì Sophienkirche tí ọmọ Bach, Wilhelm Friedemann, ti ń tẹ̀ rí jóná. Àmọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì ààfin, ẹnì kan ti ronú ṣáájú, wọ́n ti tú àwọn páìpù ẹ̀ ní 1944, wọ́n kó wọn pa mọ́ sí ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìlú, ni wọ́n bá yè é. Àpótí tó gbé wọn ró jóná, páìpù wà. Lẹ́yìn ogun wọ́n ṣe àpótí tuntun, wọ́n dá wọn padà sínú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá kọ́ Frauenkirche padà, ariwo ńlá sọ, àwọn kan ní kí wọ́n ṣe dùùrù Silbermann padà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, àwọn kan ní rárá, nǹkan tuntun ni kí wọ́n ṣe. Ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún ní ìgbẹ̀yìn ni Kern, Strasbourg ló ti wá, wọ́n parí ẹ̀ ní 2005, ti Silbermann sì kọ́ ni wọ́n dà kọ. Èmi ìbá fẹ́ kí wọ́n ṣe ti àtijọ́, kí n sòótọ́ fún ẹ, ṣùgbọ́n pé wọ́n tún ní láti lọ mú ẹni wá láti Strasbourg ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Tó o bá fẹ́ gbọ́ ọ fúnra ẹ, má kọ́kọ́ lọ sí Freiberg, ìyẹn á ti ga jù fún ẹ. Wá ti abúlé Großhartmannsdorf, ti 1741, sítọ́ọ̀pù 21 péré, tàbí ti Reinhardtsgrimma, ti 1731. Fi nǹkan sétí, kó o má lo spíkà fóònù rárá. Wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ orin ìyìn lásán, tí kò yára, kó o sì tẹ́tí sí ìbẹ̀rẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àárín ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wàá gbọ́ nǹkan kékeré kan tó ń dún "tí" kí ohùn tó kún, bí ẹni tó fẹ́ pe ọ̀rọ̀. Ètè páìpù nìyẹn. Tó o bá ti gbọ́ ọ, padà kọ̀wé sí mi.